Bí a ṣe ń dá bakitéríà inú aràn apakòkòrò mọ̀, láti orí òkú ìdin dé orí DNA

Aràn nẹ́mátóòdù tó ń pa kòkòrò kì í dá iṣẹ́ náà ṣe. Inú ìfun rẹ̀ ni bakitéríà kan ń gbé. Ọmọ aràn á gba ẹnu, ihò ìdí tàbí ihò èémí wọ inú ìdin kòkòrò, á tú bakitéríà yìí sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa tó wákàtí 24 sí 48, ìdin ti kú. Bakitéríà á wá máa sọ òkú náà di oúnjẹ, á máa tú oògùn tó ń lé bakitéríà mìíràn sẹ́yìn, aràn á máa jẹ, á sì máa bímọ níbẹ̀.

Ìran méjì ni àwọn bakitéríà yìí. Xenorhabdus ló ń bá aràn Steinernema gbé, Photorhabdus ló ń bá Heterorhabditis gbé. Ní 1979 ni Thomas àti Poinar dá ìran Xenorhabdus sílẹ̀, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ Xenorhabdus luminescens nígbà náà. Ní 1993, Boemare, Akhurst àti Mourant yọ ọ́ kúrò, wọ́n fún un ní ìran tirẹ̀, ìyẹn Photorhabdus. Láti 2016, inú ẹbí Morganellaceae ni a ń ka ìran méjèèjì mọ́, pẹ̀lú Proteus àti Providencia.

Ẹni tó bá ti fi ìdin dẹ aràn jáde láti inú ilẹ̀ oko, tó sì fẹ́ mọ irú bakitéríà tó wà nínú rẹ̀, ni a kọ èyí fún. Nítòsí wa níhìn-ín, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti yọ Heterorhabditis jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n sì ti dán an wò lára ikán àti lára eṣinṣin tó ń ba máńgò jẹ́, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ òtútù nìkan. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ ni pé orí àwo ágà (oúnjẹ dídì tí a fi ń gbin bakitéríà) ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi bakitéríà wọn mọ̀, kí wọ́n tó dé ìdí DNA rárá. Bí èyí tó wà lórí àwo kò bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tàbí tó bá jẹ́ pé ó ti yí ipò padà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, kò sí ẹ̀rọ tó máa gbà yín.

Àwo NBTA

Ágà tí gbogbo ènìyàn ń lò fún iṣẹ́ yìí ni NBTA. Ẹ wọn nutrient agar fún lítà 1 bí ara agolo rẹ̀ ṣe wí, ẹ fi àwọ̀ bromothymol blue mílígíráàmù 25 sí i, kí ẹ sè é nínú ọ́tókíléèfù ní 121 °C fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ jẹ́ kó tutù dé nǹkan bíi 50 °C, ìyẹn ìgbà tí ọwọ́ lè gba ìgò náà mú láìjó. Ìgbà yẹn ni ẹ máa wá da triphenyltetrazolium chloride sí i, tí a ń pè ní TTC: mílílítà 4 láti inú omi rẹ̀ tó jẹ́ 1%, tí ẹ ti fi àsẹ́ ihò 0.22 µm sẹ́. Èyí á fún yín ní mílígíráàmù 40 nínú lítà kan. Ẹ má ṣe sè é pọ̀ mọ́ ágà. Lítà kan á kún nǹkan bí àwo 50, bí ẹ bá ń bu mílílítà 20 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọ̀ ewé tó fẹ́ fara jọ búlúù ló yẹ kí àwo náà ní. Bí ó bá yọ́lò, kíkan rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ tún pH rẹ̀ ṣe kí ẹ tó tún òmíràn sè, torí bromothymol blue kì í fi ara rẹ̀ hàn ní búlúù nínú ohun tó kan.

Ẹ fi pépà oníyẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ, dì àwọn àwo náà, kí ẹ sì gbé wọn sínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ ló ń fojú kéré èyí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń bá ágà tí ẹ ti sè ń mú kí hydrogen peroxide wà nínú rẹ̀, Xenorhabdus kò sì ní catalase tó lè fi túká rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé bakitéríà tó wù dáadáa lánàá kò wù mọ́ lónìí lórí àwo tó ti jókòó sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ẹ ó sì máa rò pé bakitéríà ló ti kú. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè yẹra fún ìmọ́lẹ̀, ẹ fi sodium pyruvate gíráàmù 1 sí lítà ágà kan. Òun máa ń pa agbára peroxide náà.

Láti inú aràn bọ́ sórí àwo

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni kí aràn fúnra rẹ̀ kó bakitéríà náà wọ inú ìdin àfòpiná tó ń jẹ afárá oyin, Galleria mellonella, nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdin náà ni bakitéríà tí ẹ ń wá ti ń pọ̀ ju gbogbo àwọn mìíràn lọ, fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ara àwọn ọmọ aràn. Sodium hypochlorite 1% ni ẹ máa fi fọ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú 3. Bílíìsì ilé, irú Jik, ṣe é lò, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 3.5%, mílílítà 10 rẹ̀ pẹ̀lú omi mílílítà 25 ló máa fún yín ní 1%. Ìgò tó ti pẹ́ ní ṣíṣí kò lágbára mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tí ẹ ti sè nínú ọ́tókíléèfù ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ tẹ́ pépà àsẹ́ sínú àwo Petri, ẹ kó ìdin 10 sí i, kí ẹ sì da omi mílílítà 1 tí ọmọ aràn 500 wà nínú rẹ̀ lé e lórí, ìyẹn 50 fún ìdin kan. Ẹ fi àwo mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ pé omi lásán ni ẹ dà sí i. Bí ìdin bá ń kú nínú àwo olómi lásán, àìsàn ti wà lára àwọn ìdin yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ má lò wọ́n.

Àwọ̀ òkú ti ń sọ nǹkan fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kan án. Èyí tí Heterorhabditis pa máa ń pọ́n bí bíríkì tàbí kó pọ́n dúdú, ara rẹ̀ kì í rà, kì í sì í rùn. Ti Steinernema máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀, tàbí kó ṣe bí eérú. Èyí tó dúdú, tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tó sì ń rùn, bakitéríà àjòjì ló jẹ ẹ́, ẹ dà á nù. Ẹ ṣọ́ra fún òkú tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ata tútù: Serratia marcescens náà máa ń mú kí ìdin pọ́n, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ tí wọ́n rò pé Photorhabdus ni.

Láàrin wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn tí aràn wọlé ni kí ẹ gbẹ̀jẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn bakitéríà inú ìfun ìdin fúnra rẹ̀ á ti dà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ rì òkú ìdin sínú ethanol 70% fún ìṣẹ́jú 1, ẹ fi ẹ̀mú gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó ro dáadáa, kí ẹ sì fì í kọjá lórí iná ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgò ethanol kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí iná yẹn. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì tí ẹ ti sun lórí iná gé ẹyọ ẹsẹ̀ kan lára ẹsẹ̀ ikùn rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí sísọ́ọ̀sì bá wọlé jìn, á gé ìfun, àwọn tí ẹ ń sá fún á sì tú jáde. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan á yọ níbi tí ẹ gé. Ẹ fi lúùpù gbà á, kí ẹ fi fa ìlà sórí NBTA kí kólónì lè ya ara wọn sọ́tọ̀. Ẹ gbé àwo sínú òkùnkùn ní 28 °C, ẹ dojú rẹ̀ dé.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fọ́ aràn náà fúnra rẹ̀. Ẹ fọ ọmọ aràn 100 sí 200 bí a ṣe sọ lókè, ẹ tẹ́ omi ìṣàn ìkẹyìn sórí àwo kan, kí ẹ tó fi ọmọ odó oníke kékeré lọ àwọn aràn náà nínú LB díẹ̀, ìyẹn omi oúnjẹ bakitéríà, kí ẹ sì tẹ́ 50 µl rẹ̀ sórí NBTA. Bí ohunkóhun bá hù lórí àwo omi ìṣàn, ara aràn kò tíì mọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwo kejì. Ọ̀nà yìí yá, ṣùgbọ́n ọmọ aràn kan kì í gbé bakitéríà púpọ̀, àjòjì tó kù sára awọ rẹ̀ sì lè pọ̀ ju tinú ìfun lọ.

Ipò kìíní, ipò kejì

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ìran méjèèjì máa ń wà ní ipò méjì. Ipò kìíní ni èyí tí aràn ń gbé kiri: ó ń fa àwọ̀ bromothymol blue mọ́ra, ó ń tú oògùn apabakitéríà jáde, kírísítálì púrótéènì máa ń wà nínú ara rẹ̀, bó bá sì jẹ́ Photorhabdus, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Ipò kejì máa ń yọjú bí ẹ bá ti fi í pẹ́ jù lórí àwo tàbí nínú omi LB. Kì í fa àwọ̀ náà mọ́ra mọ́, oògùn rẹ̀ dín kù, kírísítálì rẹ̀ ń pòórá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rẹ̀yìn tó fi jẹ́ pé ojú lásán lè máà rí i. Bó bá ti lọ sí ipò kejì, ó ṣòro kó tó padà.

Ẹ máa wo àwo NBTA lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, torí àwọ̀ kì í tètè dúró. Kólónì ipò kìíní á ní àwọ̀ búlúù tàbí ewé tó ṣú, àárín rẹ̀ lè pọ́n díẹ̀, etí rẹ̀ kì í sábà gún régé, ágà tó yí i ká á sì mọ́lẹ̀ torí pé kólónì ti fa àwọ̀ ibẹ̀ tán. Bí ẹ bá gbé àwo náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí òrùka fúnfun yẹn kedere. Kólónì ipò kejì kò fa búlúù. TTC tó ti yí padà nínú rẹ̀ nìkan ló ń hàn, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ọ̀pọ̀ bakitéríà tí kò bá wa tan rárá ló ń yí TTC padà sí pupa. Kólónì pupa lórí NBTA lè jẹ́ Xenorhabdus ipò kejì, ó sì lè jẹ́ àjòjì tó ti inú ìfun ìdin wá. Bí búlúù àti pupa bá jọ wà lórí àwo kan, ẹ má ṣe yára sọ pé ipò méjèèjì ni ẹ ní. Ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀, ẹ ṣe ìdánwò catalase àti nitrate fún wọn, kí ẹ sì ka jíìnì kan náà lára méjèèjì. Bó bá jẹ́ ipò méjì ti bakitéríà kan náà ni, DNA wọn á bára mu. Bó bá jẹ́ àjòjì, á yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ mú kólónì búlúù kan ṣoṣo tó dá dúró, ẹ tún un fà sórí àwo tuntun. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó pè é ní mímọ́, kí ẹ sì fi í pamọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an: omi LB tó sùn mọ́jú 500 µl pẹ̀lú glycerol 40% tí ẹ ti sè 500 µl, sínú −80 °C. Ẹ má fi àwo Xenorhabdus sínú fíríìjì 4 °C kẹ́ ẹ máa retí pé ẹ ó bá a láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òtútù yẹn kò bá a lára mu. Inú òkùnkùn, níbi tí kò gbóná jù, sàn fún un, bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ ni.

Ìdánwò tó ń ya ìran sọ́tọ̀

Ipò kìíní, tó hù fún wákàtí 24 sí 48, ni ẹ máa lò fún gbogbo wọn.

Gram kọ́kọ́, ìyẹn ìdánwò tó ń pín bakitéríà sí méjì nípa ògiri ara wọn. Bí ẹ kò bá ní àwọ̀ Gram nílé, ẹ kán omi KOH 3% sórí gíláàsì, ẹ po kólónì mọ́ ọn fún ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rọra gbé igi tẹ́ ẹ fi pò ó sókè. Bí ó bá ń fà bí omi ilá, Gram-negative ni, ẹ lè máa bá a lọ. Bí kò bá fà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bacillus tàbí Enterococcus ló wà lọ́wọ́ yín.

Catalase ló ń ya méjèèjì nípa. Ẹ fi igi ìtayín mú kólónì sórí gíláàsì, ẹ kán hydrogen peroxide 3% lé e. Photorhabdus á hó wàràwàrà, Xenorhabdus á dákẹ́. Igi la sọ, kì í ṣe wáyà irin: wáyà mìíràn lè mú kí peroxide hó fúnra rẹ̀. Bákan náà, ẹ má mú kólónì láti orí ágà ẹlẹ́jẹ̀, torí catalase wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi E. coli ṣe ìfiwéra lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé peroxide yín kò tíì kú.

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tó ń yà wọ́n. Ẹ gbé àwo wọ yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, kí ẹ jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹ tó máa wò, torí ojú kì í yára mọ́ òkùnkùn. Fóònù yín kò gbọ́dọ̀ tàn. Àìsí iná mọ̀nàmọ́ná, tó máa ń ba ooru ínkúbétọ̀ jẹ́, wúlò fún yín níbí nìkan. Photorhabdus á tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé-búlúù tó rẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ má tíì sọ pé Xenorhabdus ni; ipò kejì lè ti bò ó. Kámẹ́rà tó lè ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta máa ń rí ohun tí ojú kò rí.

Nitrate ló ń lé àjòjì jáde. Gbin bakitéríà sínú nitrate broth fún wákàtí 48, kẹ́ ẹ da èròjà Griess méjèèjì sí i. Bí ó bá pọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti sọ nitrate di nitrite, kò sì yẹ kí tiwa ṣe bẹ́ẹ̀. Serratia àti Providencia ni kí ẹ máa fura sí. Bí kò bá pọ́n, ẹ wọ́n lẹ́búlẹ́bú zinc díẹ̀ sí i. Tó bá pọ́n lẹ́yìn zinc, nitrate ṣì wà níbẹ̀ láìyingin, àìpọ́n ti àkọ́kọ́ jóòótọ́. Tí kò bá tún pọ́n, bakitéríà ti jẹ nitrate kọjá nitrite, ìyẹn tún jẹ́ àjòjì. Àwọn tó ń fo ìgbésẹ̀ zinc ló ń pe Pseudomonas ní Xenorhabdus. Ìdánwò oxidase á sì jẹ́rìí sí i: ìran wa méjèèjì kò ní in, Pseudomonas aeruginosa ní in.

Ooru tí bakitéríà lè fara dà náà ń sọ nǹkan nípa ẹ̀yà, ìyẹn ìpín tó wà lábẹ́ ìran. Ẹ gbìn ín ní 28, 33, 35 àti 37 °C. Photorhabdus temperata kì í sábà kọjá 33 sí 35 °C. Photorhabdus asymbiotica ń hù ní 37 °C, ó sì yẹ kí ìyẹn mú yín ṣọ́ra, torí inú ọgbẹ́ ara ènìyàn ni wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà àti Australia. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń gún ìdin gún yín.

DNA

Ìdánwò tẹ́ ẹ ti ṣe dé ibí á sọ ìran fún yín. Wọn kò lè sọ ẹ̀yà, torí àwọn ẹ̀yà tó wà nínú Xenorhabdus nìkan ti ju 20 lọ, ìwà wọn sì jọra gan-an.

Fún PCR, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń da DNA kọ di púpọ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra kíìtì. Ẹ po kólónì kékeré kan sínú omi mímọ́ 50 µl, ẹ gbé e sí 98 °C fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ yí i ní 10,000 × g fún ìṣẹ́jú 2. Omi òkè rẹ̀ ni ẹ máa lò. Kólónì tó pọ̀ jù ló máa ń ba èyí jẹ́: ikun rẹ̀ á dí ẹ̀rọ ìdàkọ DNA lọ́wọ́, gẹ́ẹ̀lì á sì ṣófo. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi omi bù ú là ní ìlọ́po 10 kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ tó máa dá práímà (ègé DNA kúkúrú tí ìdàkọ ti ń bẹ̀rẹ̀) lẹ́bi.

Ẹ fi 16S bẹ̀rẹ̀, ìyẹn jíìnì ríbósóòmù tí gbogbo bakitéríà ní. Práímà 27F ni AGAGTTTGATCMTGGCTCAG, 1492R sì ni TACGGYTACCTTGTTACGACTT. Nínú 25 µl: master mix 2× 12.5 µl, práímà kọ̀ọ̀kan (10 µM) 1 µl, DNA 1 µl, omi 9.5 µl. Ẹ gbóná rẹ̀ ní 95 °C fún ìṣẹ́jú 5. Kẹ́ ẹ tún ọ̀wọ́ yìí ṣe ní ìgbà 30: 94 °C ìṣẹ́jú-àáyá 30, 55 °C ìṣẹ́jú-àáyá 30, 72 °C ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Kẹ́ ẹ parí rẹ̀ ní 72 °C fún ìṣẹ́jú 7. Ilà kan ṣoṣo níbi lẹ́tà DNA 1,500 lórí gẹ́ẹ̀lì 1% ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Ẹ má gbàgbé ìgò tí kò ní DNA. Bí ilà bá yọ nínú rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti dàlú.

16S dà bí ilà ojú: ó ń sọ agboolé tí ọmọ ti wá, kò lè sọ èwo nínú àwọn ọmọ agboolé náà ni. Ẹ̀yà Photorhabdus méjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ní ìyàtọ̀ kankan nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀dà 16S tó wà nínú jínóòmù wọn (gbogbo DNA wọn) ju ẹyọ kan lọ, tí àwọn ẹ̀dà náà bá yàtọ̀ díẹ̀ síra, ẹ ó rí òkè méjì lórí ara wọn nínú àbájáde Sanger, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń ka lẹ́tà DNA, kódà nígbà tí kólónì yín mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí òkè méjì bá wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bakitéríà méjì ló wà nínú ìgò. Ẹ padà sí NBTA.

Jíìnì tó ń ya ẹ̀yà ni recA, gyrB, dnaN, gltX àti infB. Èyí tó wúlò jù nínú wọn tí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ ni recA. Ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀nà méjèèjì, ẹ gé lẹ́tà 30 sí 50 àkọ́kọ́ tí kò mọ́ dànù, kẹ́ ẹ rí i dájú pé kò sí kóòdù ìdádúró láàrin jíìnì tó yẹ kó di púrótéènì. Bí ó bá wà, ẹ ti ka lẹ́tà kan sódì.

Orúkọ

Tí ẹ bá ju ìtẹ̀léra yín sínú BLAST, ètò orí ayélujára tó ń wá ìtẹ̀léra tó jọ ọ́, ẹ yan pé kó wá láàrin ẹ̀dà ìsọlórúkọ nìkan, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi sọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tó kù lọ́wọ́ ẹni tó fi í síbẹ̀ lọ́dún gbọ́ọrọ́ ni ẹ máa bá pàdé. Ní 2018, Machado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó wà lábẹ́ Photorhabdus luminescens àti P. temperata sókè di ẹ̀yà tó dá dúró: P. laumondii, P. akhurstii, P. kayaii, P. khanii, P. thracensis àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bakitéríà tí wọ́n fún ní nọ́ńbà TT01, tí wọ́n ti Trinidad àti Tobago mú wá, tí wọ́n sì tẹ jínóòmù rẹ̀ jáde ní 2003, ń jẹ́ P. luminescens nínú ọ̀pọ̀ ìwé, P. laumondii ni ó ń jẹ́ báyìí. Ẹ yẹ LPSN, àkójọ orúkọ bakitéríà lórí ayélujára, wò kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ kankan, torí àwọn àtúnṣe ṣì ń wáyé.

Ẹ má fi orúkọ aràn sọ bakitéríà lórúkọ. Lóòótọ́, X. nematophila ló wà nínú Steinernema carpocapsae, X. poinarii sì wà nínú S. glaseri. Ṣùgbọ́n X. bovienii ń bá oríṣiríṣi Steinernema gbé, Heterorhabditis bacteriophora sì ti gbé oríṣiríṣi ẹ̀yà Photorhabdus wá láti ibi tó yàtọ̀ síra. Ẹ dá aràn mọ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ITS tàbí 28S tirẹ̀, àwọn apá DNA tí a fi ń dá aràn mọ̀.

Fún igi ìdílé, ẹ so jíìnì márùn-ún pọ̀, ẹ to wọn pẹ̀lú ti gbogbo ẹ̀dà ìsọlórúkọ inú ìran náà nínú ètò kọ̀ǹpútà MEGA, ẹ fi Proteus mirabilis ṣe ará ìta, kí ẹ lo maximum likelihood pẹ̀lú bootstrap 1,000, ìdánwò tó ń sọ bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe dúró gbọn-in tó. Ẹ má fọkàn tán ẹ̀ka tí bootstrap rẹ̀ kò tó 70. Tí jíìnì kan bá gbé bakitéríà yín sí ibì kan, tí mẹ́rin yòókù sì gbé e síbòmíràn, ẹ wo jíìnì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: àwọn bakitéríà yìí máa ń gba DNA lọ́wọ́ ara wọn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìgò méjì ló ti pààrọ̀ lórí tábìlì.

Ààlà tí a ń tẹ̀ lé nìyí. Bí ìjọra 16S kò bá tó 98.7% sí ẹ̀yà tó sún mọ́ ọn jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yà tuntun. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, 16S kò sọ nǹkan kan fún yín. Fún àwọn jíìnì tí ẹ so pọ̀, 97% ni. Bí ẹ bá ka gbogbo jínóòmù, ANI 95 sí 96% àti dDDH 70%, ìwọ̀n méjì tó ń sọ bí jínóòmù méjì ṣe jọra tó, ni ààlà, ẹ sì lè ṣírò dDDH lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojú-ewé ayélujára TYGS ti ibi ìpamọ́ bakitéríà DSMZ ní Jámánì. Kẹ́ ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ wo ìpín GC, ìyẹn ìpín lẹ́tà G àti C nínú DNA: ti ìran méjèèjì kò jìnnà sí 43 tàbí 44%. Tí tiyín bá ń lọ sókè sí 59%, Serratia ni ẹ kà. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà CheckM wo bóyá DNA àjòjì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá 5%, ANI tó bá jáde kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ sára ìgò

Ẹ dá bakitéríà náà padà sínú ìdin láti fi hàn pé òun gan-an ló ń pa á. Ẹ gún ìdin 10 ní 10 µl tí sẹ́ẹ̀lì bí 1,000 wà nínú rẹ̀, ẹ sì gún 10 mìíràn ní omi iyọ̀ PBS lásán. Láàrin wákàtí 48, ó yẹ kí àwọn tàkọ́kọ́ ti kú, kí ẹ sì rí kólónì kan náà gbà padà lára wọn. Àyàfi X. poinarii: òun kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ìdin tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un nìkan láìsí aràn rẹ̀, nítorí náà àìkú ìdin kò túmọ̀ sí pé ẹ ti ṣìnà.

Sára ìgò, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà, aràn tó ti wá, ibi tí wọ́n ti wa ilẹ̀ náà, ọjọ́, ipò kìíní tàbí kejì, àti iye ìgbà tí ẹ ti tún un gbìn. Bí àbájáde yín bá fi hàn pé ẹ̀yà tuntun ni, òfin ìsọlórúkọ bakitéríà béèrè pé kí ẹ fi ẹ̀dà ìsọlórúkọ rẹ̀ sí ibi ìpamọ́ bakitéríà méjì, ní orílẹ̀-èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí orúkọ náà tó lè dúró. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ gbígbé e jáde kúrò nílẹ̀ yín, torí òun ló máa ń pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀.